Kánún, Pọ́táàṣì àti Orúkọ Tó Yẹ Òkúta Sìólàìtì

Ìfáàárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú iṣẹ́ ṣíṣe ẹ̀dá èdè-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn atúmọ̀ èdè kì í wo ilé ọmọ náà rárá. Orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ nílé ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń túmọ̀, kì í ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bá sì ti ní àṣìṣe nínú, àṣìṣe ọ̀hún yóò bá ìtumọ̀ wọlé, yóò jókòó, yóò sì di ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ni àpilẹ̀kọ yìí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ni kánún, ohun tí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń ná Ọjà-Ọba ní Ìlọrin. Èkejì ni sìólàìtì, ìran òkúta kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ọjà náà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ kan wà létí Adágún Chad tí àwọn méjèèjì ti ń dá pọ̀ nínú kòtò kan náà. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí kánún jẹ́ ní tòótọ́ kò lè ṣàlàyé bí sìólàìtì ṣe ń dá níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ń túmọ̀ orúkọ sìólàìtì láì wo ìwà rẹ̀ yóò tún ṣe irú àṣìṣe tí wọ́n ti ṣe sí kánún.

Kánún ní Ọjà-Ọba

Ọjà-Ọba wà nítòsí ààfin Ẹ́mírì, ní àárín gbùngbùn ìlú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìlọrin jẹ́ ìkóríta òwò láàrin ilẹ̀ Haúsá àti ilẹ̀ Yorùbá, kánún sì wà lára ẹrù tí àwọn oníṣòwò ń kó wá láti Òkè Ọya. Àwọn tó ń ra kánún mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń fi í sínú ewédú kó lè yọ̀, wọ́n ń fi í sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, àwọn aláṣáà sì ń lọ̀ ọ́ mọ́ tábà. Orúkọ náà kò ní àléébù kankan. Ó bá kanwa tí àwọn Haúsá ń pè é tan, ohun kan pàtó ni ó sì ń tọ́ka sí.

Inú ìwé ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní Nàìjíríà, pọ́táàṣì ni wọ́n ń pe kánún. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè gba èyí bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ sì tẹ̀ lé wọn. Láti ibẹ̀, kò jìnnà mọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà pé pọ́táṣíọ̀mù ló wà nínú kánún. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Òkúta tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tírónà ni olórí ohun tó wà nínú kánún. Nínú ẹyọ tírónà kan, átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù mẹ́ta ló wà, pẹ̀lú kábọ́nétì, báíkábọ́nétì àti omi. Kò sí átọ́ọ̀mù pọ́táṣíọ̀mù kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kánún ọjà lè ní iyọ̀, iyẹ̀pẹ̀ àti pọ́táṣíọ̀mù díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdàlù, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ló jọba nínú rẹ̀.

Pọ́táàṣì tòótọ́ kò sì ṣàì sí nílẹ̀ Yorùbá. Òun ló wà nínú omi eérú tí àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ń sẹ́ láti inú eérú èèpo kòkó, tí àwọn aláró náà sì ń lò. Ìtumọ̀ pọ́táàṣì gan-an nínú èdè tí wọ́n ti mú un wá ni eérú inú ìkòkò. Nígbà tí Humphry Davy fi agbára iná mànàmáná yọ irin tuntun méjì jáde ní ọdún 1807, ó sọ èyí tó ti inú eérú wá ní pọ́táṣíọ̀mù, ó sì sọ èkejì ní sódíọ̀mù. Nítorí náà, Yorùbá ti ya ohun méjèèjì sọ́tọ̀ kí Davy tó dé: kánún lọ́tọ̀, omi eérú lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ọjà ló da méjèèjì pọ̀, àwọn atúmọ̀ èdè ló sì gba ìdàrúdàpọ̀ náà wọlé.

Àmì tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń lò fi èyí hàn kedere. Na, àmì sódíọ̀mù, wá láti inú nátírọ́ọ̀nù, orúkọ àtijọ́ fún irú ohun tí kánún jẹ́. K, àmì pọ́táṣíọ̀mù, wá láti inú kálíọ̀mù, tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá al-qalī, eérú ewéko. Ní ìlú tí ilé-kéwú pọ̀ sí bí Ìlọrin, àlàyé yìí kò yẹ kó ṣòro fún olùkọ́ láti ṣe. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kọ́ pé pọ́táàṣì ni kánún yóò rí K nínú ìwé, yóò sì rò pé K náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ kánún. Àṣìṣe kan ti bí èkejì.

Kì í ṣe nínú ìdánwò nìkan ni àṣìṣe yìí ti lè pa ènìyàn lára. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ni dókítà máa ń sọ fún pé kó dín iyọ̀ kù, nítorí sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbà pé pọ́táṣíọ̀mù ni kánún, yóò yẹra fún iyọ̀, yóò sì máa fi kánún sínú ọbẹ̀ láì bẹ̀rù. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn oníṣègùn ní Zaria kíyè sí àìsàn ọkàn láàrin àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n sì ka kanwa púpọ̀ tí àwọn ìyá náà ń mu nínú ẹ̀kọ mọ́ àwọn ohun tó ń fà á. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fẹnu kò lórí bí kanwa ti jẹ̀bi tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn yẹn ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé sódíọ̀mù ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kòtò tí kánún àti sìólàìtì ti ń dá pọ̀

Kánem ni ọ̀kan pàtàkì lára ilẹ̀ tí kánún ti ń wá. Ó wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Adágún Chad. Òkìtì iyanrìn ló kún ilẹ̀ náà, kòtò sì wà láàrin òkìtì kan sí èkejì. Omi adágún ń gba abẹ́ iyanrìn lọ sínú àwọn kòtò wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí omi adágún náà fi jẹ́ omi dídùn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí odò kan tó ṣàn jáde nínú rẹ̀ lọ sókun: iyọ̀ ń bá omi tó ń jò lábẹ́ ilẹ̀ lọ.

Nígbà tí omi bá dé inú kòtò, oòrùn yóò máa fà á gbẹ. Kálísíọ̀mù ló kọ́kọ́ ń kúrò nínú omi náà, nítorí pé ó máa ń bá kábọ́nétì di òkúta ẹfun kíákíá. Sódíọ̀mù kò yára bẹ́ẹ̀. Ó ń kóra jọ nínú omi tó kù, pẹ̀lú kábọ́nétì, títí omi náà yóò fi di álíkálì líle, tí ìwọ̀n pH rẹ̀ yóò ju 9 lọ. Nígbà tí omi bá kéré tán, kánún yóò dá sójú ilẹ̀ bí èèpá, àwọn awakánún yóò sì gé e ní pẹlẹbẹ.

Ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ èèpá náà. Álíkálì líle máa ń yọ́ sílíkà ju omi lásán lọ. Sílíkà wà nínú amọ̀ àti nínú karawun àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké inú omi, álúmínọ̀mù sì wà nínú amọ̀ náà. Bí méjèèjì bá pàdé nínú omi tí sódíọ̀mù ti pọ̀ yìí, wọ́n lè so pọ̀ di òkúta tuntun. Ní ọdún 1971, Gilbert Maglione àti Yves Tardy kéde pé àwọn rí sìólàìtì kan tó ń jẹ́ mọ́dínáìtì tó dá nínú ilẹ̀ irú kòtò bẹ́ẹ̀ létí Adágún Chad, pẹ̀lú kábọ́nétì sódíọ̀mù. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni èyí. Inú ihò òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde, tàbí inú eérú òkè ayọnáyèéfín tó ti di òkúta, ni wọ́n sábà máa ń bá mọ́dínáìtì. Orúkọ rẹ̀ wá láti Morden ní Nova Scotia, nílẹ̀ Kánádà, níbi tí Henry How ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1864. Ní ọdún 1972, Zdenek Johan àti Maglione tún ṣàpèjúwe òkúta tuntun mìíràn láti agbègbè Adágún Chad kan náà, tí sódíọ̀mù àti sílíkà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní kanemáìtì, ní orúkọ Kánem.

Níbí ni àṣìṣe ti kánún ti ń di ìdènà. Olùkọ́ tó ti sọ pé pọ́táṣíọ̀mù ni kánún kò ní sódíọ̀mù kankan tí yóò fi sínú kòtò náà. Kò lè ṣàlàyé bí mọ́dínáìtì tó dá níbẹ̀ ṣe rí sódíọ̀mù tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ ìdí tí kanemáìtì fi ní sódíọ̀mù nínú. Ìtàn náà já lẹ́nu rẹ̀ níbi tí ó yẹ kó ti dùn jù lọ.

Ìwà àti iṣẹ́ sìólàìtì

Ó lé ní 40 irú sìólàìtì tí ilẹ̀ ń mú jáde fúnra rẹ̀. Ìwà kan ló so gbogbo wọn pọ̀. Sílíkọ̀nù, álúmínọ̀mù àti ọ́síjìn fọwọ́ kọ́wọ́ nínú wọn bí ìgbà tí wọ́n bá hun agbọ̀n, ihò àti ọ̀nà tóóró sì wà láàrin ìhun náà. Nínú mọ́dínáìtì, álúmínọ̀mù kan ló sábà máa ń wà sí sílíkọ̀nù márùn-ún, ẹnu ọ̀nà tó tóbi jù nínú rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà kan.

Ibi tí álúmínọ̀mù bá ti gba ipò sílíkọ̀nù, agbára iná ibẹ̀ kò ní dọ́gba mọ́. Sódíọ̀mù, pọ́táṣíọ̀mù tàbí kálísíọ̀mù ni yóò wá dúró nínú ihò náà láti mú un dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í ṣe onílé, ayálégbé ni wọ́n. Bí omi tó ní kálísíọ̀mù bá ṣàn kọjá, kálísíọ̀mù lè wọlé, kí sódíọ̀mù sì kó jáde, láì jẹ́ pé ilé náà wó. Pàṣípààrọ̀ ni orúkọ tó yẹ èyí. Kò ṣe àjèjì sí ilé ìdáná pátápátá. Ọ̀kan nínú ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀wà le ni kálísíọ̀mù tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀. Bí kánún bá wọ inú ìkòkò, sódíọ̀mù rẹ̀ yóò gba ipò kálísíọ̀mù, ẹ̀wà yóò sì rọ̀. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ Ìlọrin ní pàṣípààrọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò gbẹ̀gìrì.

Omi náà wà nínú ihò sìólàìtì. Bí wọ́n bá fi iná sí i, omi yóò jáde, ìhun náà yóò sì dúró gbọn-in. Bí ó bá tutù, yóò tún fa omi mọ́ra. Bí ihò náà bá sì ti gbẹ, ohun tó bá kéré tó láti gba ẹnu ọ̀nà kọjá yóò wọlé, èyí tó bá tóbi jù yóò dúró síta. Nítorí ìwà yìí ni J. W. McBain ṣe fi asẹ́ júwe rẹ̀ ní ọdún 1932.

Kì í ṣe ohun inú ìwé lásán ni. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi sìólàìtì àtọwọ́dá sínú ọṣẹ ìfọṣọ láti gba kálísíọ̀mù kúrò nínú omi. Òun ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń pèsè ọ́síjìn fún aláìsàn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ní ọdún 2020: sìólàìtì inú ẹ̀rọ náà ń di náítírójìn inú afẹ́fẹ́ mú, ọ́síjìn sì ń kọjá. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, ti lo amọ̀ funfun ti Kankara, ní ìpínlẹ̀ Katsina, láti ṣe fọ́jásáìtì, irú sìólàìtì kan tó ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo ń lò púpọ̀. Ohun tí Nàìjíríà lè ṣe fúnra rẹ̀ kò yẹ kó jẹ́ ohun tí èdè Yorùbá kò lè sọ.

Orúkọ wo ló yẹ ẹ́?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú atúmọ̀ èdè. Èkíní ni kí ó yá ọ̀rọ̀ náà wọlé, kó máa jẹ́ sìólàìtì. Èyí kò ní àṣìṣe, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún akẹ́kọ̀ọ́.

Èkejì ni kí ó túmọ̀ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Axel Fredrik Cronstedt, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ló sọ òkúta náà lórúkọ ní ọdún 1756. Ó fẹ́ iná sí òkúta kan, ó rí i pé ó ń hó, ó sì fi èdè Gíríìkì pè é ní òkúta híhó. Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà yìí yóò ní kí orúkọ rẹ̀ lédè Yorùbá jẹ́ òkúta-híhó. Ọ̀nà náà dùn-ún tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà lọ́jà náà ń hó, ó sì ń wú, bí wọ́n bá fi í sórí iná. Álọ́ọ̀mù kì í ṣe sìólàìtì. Ó ń yọ́ nínú omi ara rẹ̀ ni, ìtò àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Sìólàìtì ń fi omi sílẹ̀, kò sì wó. Ẹni tó bá gbọ́ òkúta-híhó ní Ọjà-Ọba yóò mú álọ́ọ̀mù wá, kò sì ní jẹ̀bi. Ohun tí Cronstedt kọ́kọ́ rí ni híhó. Ohun tí òkúta náà jẹ́ kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni kí orúkọ náà ti inú ìwà òkúta náà jáde. Òkúta-asẹ́ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lábàá. Gbogbo ẹni tó bá ti rí i bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì mọ ohun tí asẹ́ ń ṣe: ó ń jẹ́ kí ògì kọjá, ó sì ń dá èèpo àgbàdo dúró. Ó sì dára ju ajọ̀ lọ, nítorí pé ohun gbígbẹ bí èlùbọ́ ni wọ́n ń fi ajọ̀ jọ̀, bẹ́ẹ̀ inú omi ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ sìólàìtì wà. Òtítọ́ ni pé asẹ́ kò sọ nǹkan kan nípa pàṣípààrọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan kò lè ru gbogbo ẹrù, ó tó bí kò bá purọ́. Òkúta-asẹ́ ni kí ó jẹ́ orúkọ ìran náà, kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì máa jẹ́ orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí: mọ́dínáìtì, fọ́jásáìtì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Àtakò àti ìkádìí

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò kẹ́mísírì, pé wàhálà lásán ni èyí. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ti fi hàn pé ọmọ tó lóye ohun kan ní èdè abínibí rẹ̀ kì í ṣòfò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì ti la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ òkúta àti ilẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé pọ́táàṣì ti mọ́ ènìyàn lẹ́nu ju kí wọ́n yí i padà lọ. Kò sí ẹni tó ní kí ọjà yí ohun kan padà. Ọ̀rọ̀ ọjà ló tọ̀nà: kánún ni kánún ń jẹ́. Ìwé ló yẹ kí ó yí padà. Nínú gbogbo ìwé atúmọ̀ tí wọ́n bá tún tẹ̀, kí kánún jẹ́ kábọ́nétì sódíọ̀mù tó ń dá nínú ilẹ̀, kí pọ́táàṣì sì lọ bá omi eérú tí í ṣe ẹbí rẹ̀. Kí olùkọ́ kẹ́mísírì kọ Na sẹ́gbẹ̀ẹ́ kánún lójú pátákó. Lẹ́yìn èyí, àlàyé bí òkúta-asẹ́ ṣe ń dá nínú kòtò Kánem kò ní gba ju ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan lọ.

Ayé ìmọ̀ ti mú orúkọ láti Kánem, ó sì ti fi í sọ òkúta. Àwọn tó ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí Yorùbá kò nílò láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń wá wà lórí àtẹ, àwọn tó ń tà á sì mọ orúkọ rẹ̀. Kí atúmọ̀ èdè wo ohun náà dáadáa kí ó tó ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì.